Ìgò Ẹ̀fọ́ Tí Felicia Gbé Lọ sí Òkukù

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ìyìnolúwa, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Gbádébọ̀, ní Òkukù, Màmá Felicia kò lè jókòó sójú kan mọ́ nílé rẹ̀ ní Ìkìrun. Tó bá jókòó sẹ́yìnkùlé, á dìde lọ síwájú ilé. Tó bá dé iwájú ilé, á ní kí lòun tiẹ̀ wá ṣe níbẹ̀, á tún padà sẹ́yìnkùlé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, orúnkún sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọkàn tó ń lé e kiri kò gbọ́ ẹjọ́ orúnkún.

Ohun tó ń lé e kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé kò jẹun mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Gbádébọ̀ ṣe hẹdimásítà fún ọdún méjìdínlógún kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tó máa ń jẹ iyán kó tó rántí pé omi wà nílé ni. Ó wá di ọ̀sẹ̀ keje báyìí tí kò fi òkèlè kan kan ọ̀fun. Tíì díẹ̀, ẹ̀kọ mímu ṣíbí méjì, ó parí. Olúbọ̀dé, àkọ́bí rẹ̀, wá láti Àbújá, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, inú rẹ̀ dára, kí wọ́n ṣáà máa bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. Dáraolúwa, ìyàwó aládùúgbò wọn tó ń bá wọn dáná, ló wá ń bẹ̀ ẹ́ títí tí ẹnu fi bó o. Láràárọ̀ ni Màmá Felicia ń pè é lórí fóònù.

"Dáraolúwa, ṣé wọ́n jẹun?"

"Wọ́n fọwọ́ kàn án ni o, Màmá. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ."

"Kí lo sè?"

"Àsáró, mà."

"Àbí kò níyọ̀ ni?"

"Ó níyọ̀, mà. Èmi àtàwọn ọmọ la jẹ ẹ́ tán."

Màmá Felicia á pa fóònù, á dìde, á tún jókòó.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Dáraolúwa fúnra rẹ̀ ló pè. Ohùn rẹ̀ ń sáré. "Màmá, wọ́n sọ̀rọ̀ lónìí o! Mo gbé iṣu síwájú wọn, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, 'Ká ní ẹ̀fọ́ inú ìgò Ìyìnolúwa wà ńlẹ̀ ni, ǹ bá fi tọ́ iṣu yìí wò.' Ohun tí wọ́n wí nìyẹn. Kí ló ń jẹ́ ẹ̀fọ́ inú ìgò, mà?"

Màmá Felicia pa fóònù. Ó mọ̀ ọ́n. Ì bá wù ú kó má mọ̀ ọ́n.

Ilé ìwé àwọn tíṣà obìnrin ni Ìyìnolúwa ti kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọge. Kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, kùkúńbà, ẹ̀wà tútù eléèpo, àlùbọ́sà, ata díẹ̀. Á gé gbogbo rẹ̀, á tò ó sínú ìgò, á da fínígà gbígbóná lé e lórí, á dé e pa. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ó ti kan, ó ti dùn, ó sì ń dún kàùkàù lẹ́nu. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta tó fi wà nílé ọkọ, ìgò yẹn kò kúrò lórí tábìlì wọn. Àwọn àlejò ń jẹ ẹ́, ọmọ ń jẹ ẹ́, Bọ̀ọ̀dá Gbádébọ̀ kì í fẹ́ jẹ iṣu láìsí i. Felicia nìkan ni kò gbà á. Ẹ̀fọ́ tí ẹnì kan ò sè, tí wọ́n kó sínú ọtí kíkan bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ àgúnmu! "Oúnjẹ ewúrẹ́" ló máa ń pè é, lójú àlejò pàápàá. Ìyìnolúwa á kúnlẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Àǹtí Kíámọ́sá mi, ẹ ṣáà tọ́ ọ wò ná."

Àǹtí Kíámọ́sá lorúkọ tó sọ ọ́. Nílé wọn, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Ọjọ́ kẹta tí Ìyìnolúwa wọlé ló sì rí Felicia tó ń ṣí ìkòkò ẹ̀wà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tó ń bá iná jà pé ó ń fàlẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Kérésìmesì tó kọjá, Ìyìnolúwa fi ìgò ẹ̀fọ́ kan ránṣẹ́ sí i ní Ìkìrun. Felicia kò ṣí i. Ó gbé e fún obìnrin kan tó wá polówó ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí Ìyìnolúwa ṣubú nílé ìdáná, tí kò dìde mọ́.

"Mo máa ṣe é," Màmá Felicia wí fún Ayọ̀mikún, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń bá a gbé, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. "Mo máa ṣe é, màá gbé e lọ fún un."

"Ẹ fẹ́ ṣe kí ni, Màmá àgbà? Ẹ ò tiẹ̀ jẹ ẹ́ rí." Ayọ̀mikún ti fa fóònù yọ. "Ẹ jẹ́ n wò ó lórí YouTube."

"Ṣé òun náà mọ Ìyìnolúwa?"

"Ta ni?"

"Ẹni tó o fẹ́ bi léèrè yẹn. Ṣé ó jẹ tọwọ́ ìyàwó wa rí? Fi í sílẹ̀. Mo mọ ilé tí màá lọ."

Inisa ló lọ lọ́jọ́ kejì, sọ́dọ̀ Ẹ̀rínọlá, àbúrò Ìyìnolúwa. Ó kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n dírẹ́bà ní èrò méjì ló kù kó kún. Màmá Felicia dúró títí, kò rí ẹni méjì, ó bọ́ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà. Bí ọ̀kadà ṣe ń gbé e lọ ni bọ́ọ̀sì náà kọjá lára wọn, ó kún fọ́fọ́, dírẹ́bà fun fèrè sí i. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ̀rínọlá ń ta ike àti bààfù níwájú ilé. Ó rí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì tú ká.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ṣé àlàáfíà lẹ bá wá?"

"Àlàáfíà ni. Ẹ̀rínọlá, ẹ̀fọ́ inú ìgò yẹn, mo fẹ́ kí o kọ́ mi bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń ṣe é."

Ẹ̀rínọlá gbé ike kan, ó nù ún, ó gbé e kalẹ̀. "Oúnjẹ ewúrẹ́?"

Màmá Felicia ti mọ̀ pé yóò wí i. Láti Ìkìrun ló ti ń retí ẹ̀. Síbẹ̀ ó dùn ún.

"Òun náà ni," ó ní.

"Ẹ ra ewúrẹ́ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá mi kò jẹun mọ́, Ẹ̀rínọlá. Ọ̀sẹ̀ keje rèé. Ẹ̀fọ́ yìí nìkan ló béèrè. Bú mi tán, kí o wá kọ́ mi."

Ẹ̀rínọlá wò ó. Ó fa àga kan fún un, òun náà sì jókòó sórí bààfù tó dojú dé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Wọn ò sọ fún mi pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ dáadáa nígbà náà. Ẹ ó gé e, kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́, kò gbọdọ̀ ki. Ẹ ó bu iyọ̀ sí i, á sùn mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó fi omi ṣàn án. Ẹ ó gbé fínígà kaná pẹ̀lú omi àti ṣúgà, tó bá ti hó, ẹ ó dà á lé ẹ̀fọ́ nínú ìgò, ẹ ó dé e. Ó parí. Ẹ má bọ ẹ̀fọ́ o. Ẹ má fún un bí ẹ ṣe ń fún tẹ̀tẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

"Ìgbà wo ni wọ́n á wá jẹ ẹ́?"

"Ọjọ́ kẹrin."

"Ọjọ́ kẹrin!"

"Mo mọ̀ yín, Àǹtí. Ẹ má ṣí i."

"Ta ló ní màá ṣí i?"

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín?"

"Orí mi gbà á," Màmá Felicia wí, ó sì ti dìde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìkìrun. Òun àti Ayọ̀mikún gé e, wọ́n bu iyọ̀ sí i. Kò sùn dáadáa. Ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń sun lára ẹ̀fọ́ nínú abọ́, àbí ó rò pé òun ń gbọ́ ọ. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti ṣàn án, ó ti gbé fínígà kaná. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ayọ̀mikún jáde nínú yàrá, ó ń wúkọ́, ó ń ju ọwọ́ lójú bí ẹni tí eṣinṣin ń dà láàmú.

"Màmá àgbà, ẹ ti pa wá!"

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ó tò ó sínú ìgò ńlá kan, ó da fínígà lé e. Kárọ́ọ̀tì pọ́n, kábéèjì funfun, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bó ti ń wò ó, ẹ̀wà tútù ń ṣá. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń di àwọ̀ ewé tó ti bọ́ sílẹ̀ láti àná. Kùkúńbà náà ń tẹ̀ lé e. Tìyàwó wọn kì í rí báyìí! Bọ̀ọ̀dá á wo ìgò yìí lẹ́ẹ̀kan, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn, ó rántí ohun tí Ẹ̀rínọlá wí. Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọdún ni Felicia ti ń dáná. Kí ló ń mú kí ewédú tutù yọ̀yọ̀ nínú ìkòkò? Kí ló ń mú ilá dúró láwọ̀ rẹ̀? Káún ni. Ẹ̀rínọlá kò ní mọ gbogbo nǹkan. Ayọ̀mikún ti lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó bù ú sínú ìgò, ẹ̀kún ṣíbí kan.

Ìgò náà hó.

Ó hó bí ọṣẹ, ó ń ru gùdù, ó kọjá ẹnu ìgò, ó ń ṣàn lórí tábìlì, ó ń kán sí i lára ìró. "Jésù!" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ó fi ìdérí dé e, ìdérí fò, ó lọ bá ẹsẹ̀ àga. Màmá Felicia di ìgò náà mú bí ẹni tó di adìyẹ mú, ó ń wí fún un pé, "Ó tó, ó tó, ó tó," títí tí ìfófòó fi rọlẹ̀. Ó nu ilẹ̀, ó nu tábìlì, ó pààrọ̀ ìró. Nígbà tó tún wo ìgò, lójú tirẹ̀, ẹ̀wà tútù ti tutù díẹ̀ sí i. Ara tù ú. Ó dé e pa.

Ìrọ̀lẹ́, ó ṣí i, ó kàn fẹ́ gbóòórùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ṣí i. Ó gbé e sórí fèrèsé, ó gbé e sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó ní ooru pọ̀ níbẹ̀, ó tún gbé e lọ sí kọ̀rọ̀ kíṣìnì. Ayọ̀mikún ní, "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí nǹkan yìí sinmi, kí àwa náà sinmi." Ó ní òun ti fi í sílẹ̀. Ayọ̀mikún kò tíì dé yàrá kó tó dìde lọ wò ó.

Ọjọ́ kẹta, Dáraolúwa pè. Ohùn rẹ̀ kéré. "Màmá, ẹ̀kọ mímu pàápàá, wọn ò fọwọ́ kàn án láti àná. Wọ́n kọjú sí ògiri."

Ó ku ọjọ́ kan. Màmá Felicia wo ìgò. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó fi aṣọ ìnura wé ìgò náà, ó so ó, ó jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Òkukù, ó fi itan méjèèjì di ìgò mú. Ọkùnrin tó jókòó tì í ń fi imú wá nǹkan.

"Màmá, ṣé ọtí lẹ gbé ni?"

"Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ yìí máa pa èèyàn bí ọtí o."

"Tìrẹ kọ́, má bínú."

Nígbà tí wọ́n ń kọjá ní Inisa, tí ó rí ike àti bààfù Ẹ̀rínọlá lọ́ọ̀ọ́kán, ó fa gèlè wálẹ̀ bo ojú, ó tẹ orí bí ẹni ń gbàdúrà. Ní tòótọ́, ó gba díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, Olúwa, kó ṣáà gbé ẹyọ kan mì.

Ó bá Bọ̀ọ̀dá Gbádébọ̀ lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó ti fà á yí sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ti mú. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ ti gbòòrò jù fún ọrùn tó kù nínú rẹ̀. Màmá Felicia kúnlẹ̀, orúnkún tó ń dùn ún kò ráyè sọ̀rọ̀.

"Ẹ kúulé o, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Àmọ̀kẹ́." Òun nìkan ló kù láyé tó ń fi oríkì pè é. "Mo ti jẹun."

"Mi ò tíì béèrè, sà."

"O máa béèrè."

Dáraolúwa gbé iṣu gbígbóná wá, ojú rẹ̀ wà lára aṣọ ìnura. Màmá Felicia tú u. Nígbà tí ìgò fara hàn, Bọ̀ọ̀dá Gbádébọ̀ yí ọrùn. Ó wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí apá àga. Ó gba fọ́ọ̀kì, ó gún kárọ́ọ̀tì kan nínú ìgò, ó fi sẹ́nu.

Màmá Felicia ń wo páárì ẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti ń lọ, bó ti ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró.

Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ta ló fi káún sí i?"

Dáraolúwa rọra fẹ̀yìn rìn títí tó fi kan ilẹ̀kùn.

"Àmọ̀kẹ́, mo ní ta ló fi káún sí i!"

"Ó ń ṣá ni, Bọ̀ọ̀dá. Mo rí i pé ó ń ṣá. Mo ní kó lè tutù."

"Kó tutù? Ṣé ilá ni? Ó ti rọ̀! Fínígà ti kú sínú rẹ̀! Ó yẹ kó dún lẹ́nu. Ṣé o gbọ́ ọ kó dún?"

"Mi ò gbọ́ ọ, sà."

"Wàá ṣe gbọ́ ọ? Ó ti kú!" Ó gbá apá àga méjèèjì mú, ó sì dìde. Dáraolúwa la ẹnu sílẹ̀, nítorí ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnì kan ti ń gbé e dìde. "Gbogbo Sátidé ayé yìí. Gbogbo Sátidé, ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, èmi ni mò ń gé kárọ́ọ̀tì fún un. Èmi ni mò ń gé ẹ̀wà. Mi ò rí káún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí!"

"Ẹ̀yin?" Màmá Felicia ní. "Ẹ̀yin lẹ ń gé e?"

"Ta lo rò pé ó ń gé e?"

"Bọ̀ọ̀dá, a ò rí yín ní kíṣìnì rí."

"Ṣé ẹ máa rí mi? Ẹ̀yin là ń sá fún! Tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ lẹ́nu ọ̀nà, á já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ mi, á tì mí jáde sí pálọ̀, á fún mi níwèé ìròyìn. Ó ní tí Àǹtí Kíámọ́sá bá bá hẹdimásítà nídìí àdògán, gbogbo ẹbí á gbọ́ kó tó dalẹ́ pé òun ti sọ ọkọ òun di kúùkù." Èémí rẹ̀ gbé e díẹ̀. "Ó bẹ̀rù rẹ gidigidi, Àmọ̀kẹ́. Ó sì fẹ́ràn rẹ."

Màmá Felicia wo ilẹ̀.

"Dáraolúwa, lọ ra kárọ́ọ̀tì wá," Bọ̀ọ̀dá Gbádébọ̀ ní. "Kó le. Tó bá tẹ̀, má rà á. Mo fẹ́ kọ́ obìnrin yìí."

Ó di ògiri mú dé kíṣìnì, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí wọ́n gbé pákó àti ọ̀bẹ fún òun. Kárọ́ọ̀tì méjìlá ni Dáraolúwa rà. Ó gé orí àkọ́kọ́, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un.

"Gbọ́ ọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ó dún." Ó ń gé e lọ, ọ̀bẹ ń ṣe kọ́, kọ́, kọ́. "Má gé e bíi ti ọbẹ̀. Gé e bí ìka ọmọ ọwọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ní ìdí, kì í wọ ìgò, ẹnu ni yóò wọ̀." Ó ju ìyẹn náà sẹ́nu. Ó ń sọ̀rọ̀ bí Ìyìnolúwa ṣe máa ń bá a jà lórí iyọ̀, bí wọ́n ṣe fọ́ ìgò méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ń gé, ó ń rún. Nígbà tó ṣe, kì í ṣe orí àti ìdí nìkan ló ń lọ sẹ́nu mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á gé mẹ́ta, á ju méjì sínú abọ́.

Màmá Felicia rí i. Dáraolúwa náà rí i, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá Felicia wò ó tí ọ̀rọ̀ fi padà sọ́fun rẹ̀. Obìnrin tí kì í jókòó sójú kan jókòó sójú kan. Ó ń fà á láti dìde, láti kígbe, láti pe Ìkìrun, láti pe Àbújá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá wúkọ́ pẹ́rẹ́, ọkùnrin yìí á rántí pé òun kì í jẹun.

Bọ̀ọ̀dá Gbádébọ̀ na ọwọ́ sórí pákó, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó wo inú abọ́.

"Kárọ́ọ̀tì méjìlá, abọ́ yìí ò dé ìdajì. Ta ló jẹ ẹ́?"

Dáraolúwa wo ojú Màmá Felicia.

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá mi," Màmá Felicia ní. "Ẹ má bínú. Ebi ló ń pa mí."

"Pẹ̀lú eyín wo?"

"Èyí tó kù."

Ó wò ó títí. Ó nu ọ̀bẹ mọ́ etí pákó, níhìn-ín, lọ́hùn-ún. "Dáraolúwa, ra mẹ́wàá sí i wá. Kí o sì ra búrẹ́dì fún Àmọ̀kẹ́, ebi ń pa á."

Dáraolúwa ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ sáré, kó tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Kí búrẹ́dì náà tó ẹni méjì."